Àmín Tó Lé

Nígbà tí gbogbo wa ti ṣe àmín tán ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, àmín kan ṣì kù tó jáde.

Ó rọra jáde ni, lẹ́yìn tiwa, bí ẹni tó pẹ́ dé ìsìn tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bojú wẹ̀yìn. Mo la ojú. Màmá wa wà nídìí àga rẹ̀, àbúrò mi ọkùnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, èmi náà sì rèé. Ohùn yẹn kò ti ọ̀dọ̀ ẹnì kankan nínú wa wá. Àárín ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá àti fèrèsé ló ti wá, níbi tí kò sí ohun kan ju àpótí kékeré tí Màmá máa ń gbé ẹsẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun kan, kí ẹ má baà rò pé etí ló ń tàn mí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni mo sì ń kọ́. Bí ènìyàn bá pẹ́ nídìí irú iṣẹ́ yìí, etí rẹ̀ á máa ṣe iṣẹ́ ojú. Gbogbo kíláàsì á jọ máa ké á-bí-dí, èmi á kọjú sí pátákó, síbẹ̀ n óò mọ ọmọ tó ń ké e àti ọmọ tó kàn ń mi ètè. N óò ní, "Ìwọ tó ń mi ètè nídìí fèrèsé, gbé ohùn sókè." Wọ́n gbà pé mo ní ojú lẹ́yìn orí. N kò ní. Ohùn ènìyàn dà bí ojú ènìyàn ni. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Èmi náà ń mi ètè ní àkókò yẹn. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú tí mo ti padà sílé Màmá, mo máa ń kúnlẹ̀ pẹ̀lú wọn, mo máa ń di ojú, ṣùgbọ́n àmín kì í jáde. Kì í ṣe pé mo ń bá Ọlọ́run jà. Ó kàn dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣí ẹ̀rọ omi tí kò sì sí omi níbẹ̀ ni. Nítorí náà, mo mọ̀ dájú pé àmín tó lé yẹn kì í ṣe tèmi.

Aránṣọ ni Màmá wa. Ó ránṣọ títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni àdúgbò fi mọ̀ ọ́n ju aṣọ lọ. Ohùn náà ló ń jí wa ní kékeré, òun ló ń kó wa jọ fún àdúrà, òun náà ló sì ń mú kí ẹsẹ̀ wa gbọ̀n bí a bá ṣe ohun tí kò dáa. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, ohùn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ha. A kọ́kọ́ pè é ní òtútù. Màmá mu oyin, ó mu omi gbígbóná, ó fi aṣọ wé ọrùn. Nígbà tí kò lọ, a gbé e lọ sí ọsibítù.

Dókítà fi iná wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó sì pe èmi àti àbúrò mi sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kókó kan ti ta gbòǹgbò síbẹ̀. Ó ní ọkàn Màmá kò lágbára tó kí wọ́n gbé e sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ó ní ohùn ni yóò kọ́kọ́ lọ. Kò sọ ohun tí yóò tẹ̀ lé e, àwa náà ò sì bi í.

Nígbà tí a jáde, Màmá gbójú sókè. "Kí ló wí?"

Àbúrò mi wo ilẹ̀. Wẹ́dà ni, gbogbo ènìyàn sì ń pè é bẹ́ẹ̀, àní Màmá pàápàá. Ó lè gbé irin tí ọkùnrin méjì ò lè gbé, ṣùgbọ́n irọ́ wúwo jù fún un. "Ó ní kí ẹ dín ọ̀rọ̀ sísọ kù, Màmá."

Màmá fi ohùn híha yẹn rẹ́rìn-ín. "Ẹ sọ fún un pé ó ti pẹ́ jù. Bàbá yín gbìyànjú ẹ̀ títí ó fi kú."

A rẹ́rìn-ín débi pé nọ́ọ̀sì kan wò wá.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ àmín náà dáadáa. Láràárọ̀ ni Màmá ń darí àdúrà, láràárọ̀ ni ohùn rẹ̀ sì ń dín. Ó dínkù sí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti iyàrá kejì, lẹ́yìn náà sí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora. Èyí tó ń ti ìdí fèrèsé wá ń pọ̀ sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ju fọ́nrán òwú lọ, ènìyàn ò lè sọ bóyá ti ọkùnrin ni tàbí ti obìnrin. Nígbà tó yá, ó di ohun tí ẹni tó bá fetí sílẹ̀ kò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìyàwó wa ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. À ń fọ abọ́ lọ́wọ́, òun àti èmi. Ó gbọn omi kúrò lọ́wọ́, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sì súnmọ́ mi.

"Àǹtí Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o."

"Kí ló dé?"

"Ta ló máa ń kúnlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ Màmá?"

Mo gbé abọ́ ọwọ́ mi kalẹ̀. "Ìwọ náà gbọ́ ọ?"

Ojú rẹ̀ fà ro. "Háà, Àǹtí! Mo ti ń bẹ Ọlọ́run kí ẹ sọ pé etí mi ló ń hó."

"Ṣé ọkọ ẹ mọ̀?"

"Ta ni kó sọ fún un? Ẹni tó jẹ́ pé bí ológbò bá wúkọ́, ó ti gbé òòlù."

Wẹ́dà fúnra rẹ̀ ló fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ní òwúrọ̀ kan, bí a ti ń dìde lórí orúnkún, ó na ọwọ́ sí fèrèsé. A wò ó. Kò sí òtútù ní ọjọ́ yẹn, oòrùn ti ń yọ. Ṣùgbọ́n lára gíláàsì, níbi tí ẹnu ẹni tó kúnlẹ̀ yóò dé gẹ́lẹ́, èémí kan ti fi àmì funfun roboto sílẹ̀. Ojú wa ni àmì náà ṣe ń kéré, tó ń kéré, títí ó fi gbẹ.

Màmá nìkan ni kò wo ibẹ̀. Ó ń tún gèlè rẹ̀ wé.

Wẹ́dà kò fọ̀rọ̀ náà bò. Ó lọ sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń kun ara mọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé, ó fà mí sí ẹ̀yìnkùlé. Òórùn irin jíjó ṣì wà lára aṣọ rẹ̀.

"Péńtà ní ká má jẹ́ kó rí àdúrà ṣe àmín sí mọ́."

"Péńtà wo? Ẹni tó kun mọ́tò pásítọ̀ ní àwọ̀ méjì tó ní iná ọ̀sán ló tan òun jẹ?"

"Àǹtí, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ohun tó bá ń dáni lóhùn tí kì í ṣe ènìyàn, ohùn ló ń jẹ. Ẹ rò ó wò ná. Ohùn Màmá ń lọ, tiẹ̀ ń bọ̀. Níbo lẹ rò pé ó ti ń rí i?" Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Ó ń mu Màmá wa ni. Àwa la sì ń bu Màmá fún un láràárọ̀."

Ẹ̀yin náà ẹ bá mi wò ó. Bí omi ìkòkò kan bá ń fà, tí ti èkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń kún, kí lẹ óò sọ? Ọmọ tó kéré jù ní kíláàsì mi yóò nawọ́ dáhùn, kò sì sí olùkọ́ tí yóò ní kò gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni ilé tí kò ní ohun mìíràn tó lè fi dúró ju àdúrà lọ ṣe pinnu láti pa àdúrà tì, kí ìyá wọn má baà kú.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ bá a. Wẹ́dà ló sọ ọ́, ó sì ń ṣe é bí ẹni ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Màmá gbọ́ ọ tán.

"Ẹ ní kí n má gbàdúrà?"

"Ẹ máa gbà á sínú, Màmá. Ọlọ́run ń gbọ́ ti inú."

"Mo mọ̀ pé ó ń gbọ́ ti inú. Èmi ni mo kọ́ ẹ." Ó fi orí júwe fèrèsé. "Ṣé ìyẹn lẹ ń sá fún?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa pé ó ń gbọ́ ọ. Ìyàwó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ jẹ́ kó máa ṣe é," ni Màmá wí. "Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

Ó wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin títí. Ẹni tí àìsàn ti sọ di ẹni tí wọ́n ń gbé dìde, tí wọ́n ń fi ṣíbí bọ́, kì í pẹ́ bá àwọn tó ń gbé e jiyàn. Ó ní, "Ó dáa," ó sì kọjú sí ògiri.

Ilé wa wá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ oríṣiríṣi ló wà. Ti kíláàsì tó ń kọ̀wé lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ti kíláàsì tí ohun kan ti fọ́ tí kò sì sẹ́ni tó fẹ́ sọ ẹni tó fọ́ ọ. Ti èkejì yìí ni tiwa. Wẹ́dà á jí, á fi kọ́kọ́rọ́ sápò, á jáde láìjẹun. Ìyàwó á máa gbálẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ń sùn. Kò sí àmì lára gíláàsì mọ́. Kò sí àmín kankan, ti ènìyàn tàbí ti òmíràn.

Ohùn Màmá kò sì padà. Kíákíá ló túbọ̀ ń lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń fi òróró pa á lẹ́sẹ̀, ó fà mí súnmọ́ra. Etí mi kan ètè rẹ̀ kí n tó gbọ́ ohun tó ń wí.

"Tísà mi, ẹ̀rù ń bà mí."

Mo gbé ìgò òróró kalẹ̀.

"Ìgbà tí bàbá yín kú, mo sọ fún yín pé Ọlọ́run kì í fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tí ọkọ ẹ kú, mo tún sọ ọ́ fún ẹ. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n." Ó sinmi díẹ̀. "Ohun tí mo fi ń sọ ọ́ ti ń lọ báyìí. Mo ń bẹ̀rù pé bí mi ò bá lè pè é mọ́, kò ní mọ ibi tí mo wà."

"Màmá, ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ tó ń bẹ̀rù náà ló máa ń di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú jù."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwọ àtàwọn ọmọ kíláàsì ẹ. Kò sóhun tí ẹ kì í ní àlàyé fún."

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó la ẹnu, èémí nìkan ló jáde. Ó tún un ṣe. Ó wá fi ọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tó mọ̀ pé wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ wọ inú etí. Mo ti rí i tó ń sunkún rí, ṣùgbọ́n n kò rí i kó máa sunkún láìdún rí.

Láti ìgbà náà, kò fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́. Omi pàápàá di iṣẹ́ fún un. Ó wá di òwúrọ̀ kan, Wẹ́dà ti fẹ́ máa jáde, nígbà tí Màmá fi ọwọ́ lu etí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo wa sáré wọlé. Ó na ìka sí ilẹ̀. A ò tètè mọ ohun tó ń wí. Ó wá na ìka sí orúnkún Wẹ́dà.

"Ó fẹ́ ká kúnlẹ̀," ni Ìyàwó wí.

Wẹ́dà fà sẹ́yìn. "Màmá, á gbọ́ o."

Ètè Màmá mì. Mo ti sọ fún yín pé iṣẹ́ mi ni láti mọ ohun tí ètè ń wí.

"Kí ló wí, Àǹtí?"

"Ó ní kí o jẹ́ kó gbọ́."

A kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò gbàdúrà. Ìyàwó ti bo ojú. Màmá wo èmi, kò sì gbé ojú kúrò lára mi.

N kò tíì fi ohùn mi gbàdúrà láti ìgbà ìsìnkú ọkọ mi. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde kò ní ẹwà kankan. Bí ọmọdé tí wọ́n ní kó dìde kàwé ni mo ṣe ń wá ọ̀rọ̀ kiri.

"Olúwa, Màmá wa nìyí. O mọ̀ ọ́n. Ohùn rẹ̀ ti lọ. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù ń ba àwa náà. Ó sọ fún wa pé o kì í fi ènìyàn sílẹ̀. Jọ̀ọ́, má fi í sílẹ̀. Kò lágbára láti di ọ́ mú mọ́. Ìwọ ni kí o di òun mú."

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. N kò rántí parí rẹ̀ bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà, láti àárín ẹ̀rọ ìránṣọ àti fèrèsé, ohùn kan dáhùn.

"Àmín."

Kì í ṣe fọ́nrán mọ́. Ó kún, ó mọ́, ó gba gbogbo inú ilé, abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù sì dún wọnwọn. Ohùn obìnrin tí kò tíì darúgbó ni, obìnrin tó lè jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kó sì pe ọmọ tó wà ní òpin àdúgbò wálé. Mo wo ètè Màmá. Ètè rẹ̀ pa dé. Ara gíláàsì ti funfun bí èyí tí oru omi gbígbóná bò.

Wẹ́dà ti dojú bolẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré. "Àǹtí, Màmá ni. Bó ṣe máa ń pè mí wálé nìyẹn. Màmá ni!"

Ohun tí a ti rò pé ó ń mu Màmá, ńṣe ló ń gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí a ti ń gba ẹrù lọ́wọ́ àgbàlagbà lójú ọ̀nà. Kò sí èyí tó sọnù nínú rẹ̀. Nígbà tó wà ní fọ́nrán, n kò lè dá a mọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó lè dá ènìyàn mọ̀ láti ara ìka rẹ̀ kan ṣoṣo. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ pé ni mo tó mọ̀ ọ́n.

Màmá ń wo fèrèsé. Ẹ̀rù ti kúrò lójú rẹ̀. N kò ní sọ fún yín pé ayọ̀ ló rọ́pò rẹ̀. Ó rí bí ẹni tó ti ń dúró de ọkọ̀ lójú òpópó, tí ilẹ̀ ń ṣú bọ̀, tó sì gbúròó ọkọ̀ náà níkẹyìn. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, nígbà tí oòrùn dé orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó mí lẹ́ẹ̀kan, kò sì tún mí mọ́. Wẹ́dà di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú títí ẹsẹ̀ náà fi tutù.

A sin ín. Àdúrà òwúrọ̀ kò tún dáwọ́ dúró nínú ilé wa. Wẹ́dà ló ń darí rẹ̀ báyìí. Àdúrà rẹ̀ kò gùn. Ó ń gbà á bí ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé iná fẹ́ lọ. Ìyàwó á ṣe àmín, èmi náà á ṣe àmín, pẹ̀lú ohùn. Lẹ́yìn tiwa, kò sí nǹkan kan. Fèrèsé mọ́ kedere. A kì í sọ ọ́ fún ara wa, ṣùgbọ́n gbogbo wa la máa ń dúró díẹ̀ kí a tó dìde, ìdákẹ́jẹ́ náà sì máa ń dùn wá bí egbò tuntun. Ohun tí a sá fún tẹ́lẹ̀ ni àárò rẹ̀ wá ń sọ wá.

Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dáwọ́ dúró. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, mo ṣàkíyèsí pé ohùn mi ń ya bí mo bá ń ké á-bí-dí pẹ̀lú àwọn ọmọ. Mo ní eruku ẹfun ìkọ̀wé ló fà á. Mo mu oyin.

Lẹ́yìn náà ló di òwúrọ̀ kan, Wẹ́dà parí àdúrà, Ìyàwó ṣe àmín, mo ṣe tèmi. Ọ̀kan tún jáde.

Kéré ló kéré, kò ju fọ́nrán òwú lọ. Àwọn tó kù kò gbọ́ ọ, wọ́n ti ń dìde. Èmi nìkan ni mo ṣì wà lórí orúnkún. Mo ti sọ fún yín pé ènìyàn kò lè dá ẹlòmíràn mọ̀ láti ara ìka kan ṣoṣo. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ìka ara rẹ̀? Níbẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé Màmá ti mọ̀ pé ohùn òun ni, láti òwúrọ̀ tó ń tún gèlè wé tí kò wo fèrèsé.

Mo ti lọ rí dókítà. Ó fi iná wo ọ̀nà ọ̀fun mi, ó sì ní kí n mú ẹnì kan dání bí mo bá ń padà bọ̀. N kò tíì sọ fún Wẹ́dà. N óò sọ fún un. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù tó ba Màmá gan-an ló ń bà mí, alẹ́ kò sì rọrùn.

Lónìí, nígbà tí a kúnlẹ̀, mo ní kí Wẹ́dà jẹ́ kí n gbàdúrà. Ó yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó gbà. Mo fi ìwọ̀nba ohùn tó kù mí kù gbà á, mo parí rẹ̀ bó ṣe yẹ, mo pa ẹnu mi dé, mo sì dúró dè é.